Egungun Wo Ló Tún Ń Dàgbà?

Tó bá jẹ́ ẹnu la fi ń kọ́lé, obìnrin yìí ì bá ti kọ́ odidi àdúgbò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ àwọn èèyàn ní ohun tó yẹ kí wọ́n máa jẹ, ní ilé ìwòsàn alájà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti àwọn abiyamọ, Ọjọ́bọ̀ ni ti àwọn àgbàlagbà, kò sì sí ọjọ́ kan nínú méjèèjì tí ọ̀rọ̀ mílíìkì kò ní gba ẹnu rẹ̀ jáde. Nígbà tó yá, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ di ìgbàgbé nílé ìwòsàn náà. Anti Ife-Mẹ́ta ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bó bá ń kọjá, àwọn nọ́ọ̀sì á na ìka mẹ́ta sókè láti fi kí i, òun náà á na tirẹ̀, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Ó ní páálí ńlá kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, òun ló máa ń gbé kọ́ sára ògiri kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ìlà ìlà ló to ọjọ́ orí sí i. Ìkókó tí kò tíì pé ọdún kan, ọmú ìyá ni, tàbí mílíìkì tí wọ́n ṣe fún ìkókó. Ti màlúù kò tíì kàn án. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta, ife méjì lóòjọ́. Ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ, ife méjì àbọ̀. Láti ọdún mẹ́sàn-án lọ, ife mẹ́ta, títí ayé. Ẹni tí kò bá fẹ́ mílíìkì lè fi yógọ́ọ̀tì tàbí wàràkàṣì dípò rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àwọn ọmọdé, fọ́tò àwọn ọmọ tirẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn: ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, mílíìkì funfun lókè ètè àwọn méjèèjì bí irunmú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àwọn àgbà, fọ́tò arúgbó kan tí kò mọ̀ rí ni, tó gé látinú ìwé ìròyìn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni, ẹ̀kọ́ sì ti wọ̀ dé ìdajì. Àwọn àgbàlagbà bíi mẹ́rìndínlógún jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá káfíńtà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí eyín ẹnu rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, nawọ́ sókè.

"Anti, ẹ ní mílíìkì máa ń mú eyín le. Eyín dà?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, eyín ti lọ, egungun ò tíì lọ o. Egungun kì í fẹ̀yìn tì. Ojoojúmọ́ ló ń tú ara rẹ̀ palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń tún ara rẹ̀ mọ. Kálísíọ̀mù tó wà nínú mílíìkì ló fi ń mọ ọ́n. Bí kò bá rí i látẹnu yín, ara á lọ yọ èyí tó wà nínú egungun lò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ti dàgbà kọjá mílíìkì. Ta ló láyà láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ náà kò tíì parí tí ọkùnrin tó ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ fi yọrí lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Anti, wọ́n ń pè yín nísàlẹ̀. Màmá yín ni. Wọ́n ṣubú."

Kò mọ bó ṣe sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún dání bí ẹni tó bá èèyàn gbé ọmọ. Ọrùn ọwọ́ náà ti wú, ó sì ti wọ́. Aládùúgbò wọn tó ń dirun ló gbé e wá, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kóòmù wà nínú àpò.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo fẹsẹ̀ kọ kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà ni. Mo ní kí n fọwọ́ ti ilẹ̀, ilẹ̀ ló ti èmi."

Onídìrí mi orí. "Anti, ìṣubú gan-an kọ́ o. Bí ẹni tó fẹ́ rọra jókòó ni wọ́n ṣe lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà mi. Ó dún pẹ́ú, bí igi gbígbẹ."

Wọ́n ya fọ́tò egungun náà. Dókítà egungun, ọkùnrin gíga kan tí kì í pariwo, gbé e síwájú iná, ó sì fi ìka tọ ojú ibi tó ṣẹ́.

"Ìṣubú tí ẹ sọ yìí kò yẹ kó ṣẹ́ egungun báyìí," ló wí. "Ẹ wo inú egungun yìí. Ó yẹ kó funfun, kó kún. Ó ti rí jágajàga bíi kànìnkànìn."

Ó ní kí wọ́n wọn gíga Màmá. Nọ́ọ̀sì Àgbà, obìnrin tó ti lo ọdún méjìlélógún níbẹ̀, mú un dúró sára ògiri, ó wo igi ìwọ̀n, ó tún wo káàdì rẹ̀ àtijọ́. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ló ti dín láàárín ọdún mẹ́ta.

"Màmá, ẹ ti kúrú o."

"Mo mọ̀," ni Màmá dáhùn. Iṣẹ́ aránṣọ ló fi ogójì ọdún ṣe kó tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣẹ́ etí aṣọ mi lọ́dún yìí. Mo kọ́kọ́ rò pé aṣọ ló ń gùn."

Ọ̀rọ̀ náà gún ọmọ rẹ̀ láyà. Ó ti rí i lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀hún, tí Màmá jókòó lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti gáùn rẹ̀ lórí itan. Ohun tó sọ nígbà náà ni, "Màmá, ẹ ò ní sinmi." Kò bi í pé kí ló ń rán.

Lẹ́yìn náà ni Nọ́ọ̀sì Àgbà mú fọ́ọ̀mù jáde. Anti Ife-Mẹ́ta mọ fọ́ọ̀mù náà dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo ìbéèrè inú rẹ̀, tó sì ní kí wọ́n máa bi gbogbo àgbàlagbà tí egungun rẹ̀ bá ṣẹ́.

"Màmá, ife mílíìkì mélòó lẹ ń mu lóòjọ́? Tàbí yógọ́ọ̀tì, tàbí wàràkàṣì?"

Màmá kọ́kọ́ wo ojú ọmọ rẹ̀. Kò sí ìbínú nínú ìwò náà. Bí ìyá ṣe ń wo ọmọ nígbà tó bá fẹ́ fi aṣọ bò ó nínú òtútù ló ṣe wò ó.

"Mẹ́ta," ló wí. "Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Ṣé ọmọ yìí á jẹ́ kéèyàn sinmi ni?"

Nọ́ọ̀sì Àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó kọ mẹ́ta sílẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó bá bí irú ọmọ yìí ti bímọ."

Ìgbà yẹn ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé ìgbà yẹn ni. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ bí omi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò là. Ohun tó ṣe ni pé ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n yìn tó ń tijú. Nínú gbogbo ohun tó ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rín yẹn ló máa ń dùn ún jù bó bá rántí.

Nítorí òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò pẹ́ tí Màmá kó wá sílé wọn, ni mílíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í tètè tán. Ìgò mẹ́rin ni onímílíìkì máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà wọn ní ọjọ́ Ajé, mẹ́rin mìíràn ní Ọjọ́bọ̀. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń ṣẹ́kù. Wàyí o, tó bá di ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin á ti máa gbọn ìgò òfìfo. Ó bi àwọn ọmọ, wọ́n búra pé ọwọ́ àwọn mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó tètè dé láti ibi iṣẹ́, ó rí Màmá níwájú fìríìjì, ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, ó fi èkejì gbé ife kékeré sẹ́nu, ó dijú bí ẹni tó ń gbọ́ orin dídùn. Ó rọra fẹ̀yìn rìn jáde, kò sọ nǹkan kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú bírò, ó to ìgò sórí tábìlì, ó sì fa ìlà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níbi tí mílíìkì dé. Lẹ́yìn náà ló pe àbúrò rẹ̀ obìnrin lórí fóònù.

"Ṣé o mọ̀ pé Màmá ló ń mu mílíìkì àwọn ọmọ? Bí ìkókó! Àwọn ọmọ yìí ni egungun wọn ń gùn o. Ní ọjọ́ orí Màmá, egungun wo ló tún ń dàgbà?"

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Bó ṣe yíjú pa dà, Màmá ló rí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ṣòkòtò ilé ìwé ọmọkùnrin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti bá a rán bọ́tìnnì rẹ̀," ni Màmá sọ. Ó gbé ṣòkòtò náà lé àga, ó sì pa dà sí yàrá.

Láti ọjọ́ kejì, mílíìkì kò lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ mọ́. Tíì dúdú ni Màmá ń mu. Ó ní inú òun ò gba funfun mọ́. Ọmọ rẹ̀ mọ ohun tó fà á, ó sì mọ̀ pé Màmá mọ̀ pé òun mọ̀. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ìsinmi òun á bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi dé, àwọn ọmọ wà nílé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn wálé. Oṣù kan kọjá. Ká má purọ́, ara tiẹ̀ tù ú. Mílíìkì ń tó. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lọ sọ fún àwọn àgbàlagbà pé egungun àgbà ń fẹ́ mílíìkì, bó bá sì ti ń ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀kọ́ ni ó ń fi ìmọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀, bí òṣìṣẹ́ ṣe ń fi aṣọ iṣẹ́ kọ́ sára ìṣó kó tó lọ sílé.

Dókítà ti gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó kà á, ó fún ojú pọ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí kò bára mu," ló wí. "Ẹni tó ń mu ife mẹ́ta lóòjọ́, tí egungun rẹ̀ wá rí báyìí láàárín ìgbà díẹ̀, ó jọ pé nǹkan mìíràn ló ń jẹ egungun náà lábẹ́lẹ̀. A ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Màá fi yín ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ẹ máa sùn síbẹ̀ bí ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n sì lè gún egungun ìbàdí yín láti yọ díẹ̀ nínú mùdùnmúdùn rẹ̀ yẹ̀ wò."

"Gún egungun?" ni Màmá bi í.

"Abẹ́rẹ́ ni, Màmá. Ó máa ń dunni díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára ká mọ̀."

Ojú Màmá yí pa dà. Àgbàlagbà yìí tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ kò tó nǹkan lójú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn ni ohun tó ń bà á lẹ́rù jù láyé. Ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ó ń wò ó bó ṣe nà tọ́ lórí àga, bó ṣe tún gbé ọwọ́ tó ṣẹ́ náà sókè díẹ̀.

"Ẹ gún un," ni Màmá wí. "Kò burú."

Ìgbà yẹn ló wá yé ọmọ rẹ̀ pé ó tẹ́ ìyá òun lọ́rùn kí wọ́n gún un légungun ju kí wọ́n gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe lọ.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró." Ohùn náà kò jọ tirẹ̀ létí ara rẹ̀. "Irọ́ ni. Màmá kì í mu mílíìkì. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọn ò ti fẹnu kàn án. Kì í ṣe mílíìkì nìkan, gbogbo ohun tó bá ti inú fìríìjì yẹn jáde. Èmi ni. Èmi ni mo lé wọn nídìí rẹ̀. Mo ní ti àwọn ọmọ ni."

Onídìrí tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí kò sọ nù nínú àpò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Àgbà ń wo ilẹ̀.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìbínú ló sì fi sọ ọ́.

"Ta ló bi ọ́? Ta ló ní kó o tú mi síta níwájú àwọn èèyàn?"

"Màmá, wọ́n fẹ́ gún yín..."

"Kí wọ́n gún mi! Ṣé kí wọ́n máa ròyìn pé mo ń yọ́ mílíìkì ọmọ-ọmọ mi mu lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló dáa? Èmi, pẹ̀lú orí ewú?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ṣubú, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó sunkún.

Ọmọ rẹ̀ kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ìtìjú tirẹ̀ nìkan ló ti ń rù kiri láti òwúrọ̀. Kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti ń gbé ìtìjú tirẹ̀ náà kiri fún ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, bí ẹni tó jalè, torí ife mílíìkì kan.

Dókítà fa àga sún mọ́ Màmá. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, kò wo ojú ọmọ rẹ̀ rárá. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ mílíìkì nìkan. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dúró, egungun rẹ̀ á máa fúyẹ́, ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀, àti ìjókòó lójú kan láìrí oòrùn. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí egungun rẹ̀ ti ń fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kó pàdánù kálísíọ̀mù fún odidi ọdún. Ó fa ìwé tó ti ń kọ sí ilé ìwòsàn ńlá ya. Ẹ̀jẹ̀ ìgò kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà níbí, àti òògùn, bí ọwọ́ bá sì san tán, wọ́n á tún un wò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà fa igi lé mẹ́ta tó kọ, ó kọ òdo sí i. Ìbéèrè kan wà lábẹ́ rẹ̀: *Kí ló fà á?* Ó wo Anti Ife-Mẹ́ta fìrí, ó sì fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Oore ló ṣe é. Anti Ife-Mẹ́ta ì bá fẹ́ kó kọ ọ́.

Wọ́n fi báńdéèjì líle di ọwọ́ náà dé ìgbọ̀nwọ́. Nínú takisí, Màmá wo ìta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ rẹ̀ bá a bọ́ bàtà, ó fi ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí fóònù lọ́jọ́sí, ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni."

Màmá fi ọwọ́ òsì tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe.

"Ọ̀rọ̀ kọ́," ló wí. "Ọ̀rọ̀ lè yọ lẹ́nu èèyàn. Èmi náà ti sọ tèmi sí ìyá mi rí. Ìlà yẹn ni. O jókòó, o mú bírò, o gbé ìgò kọ̀ọ̀kan, o fà á. Ìgò mẹ́rin. Láti ìgò kìíní dé ìkẹrin, ọkàn rẹ ò sọ fún ọ pé ìyá mi ni mò ń ṣọ́ yìí?"

Ọmọ rẹ̀ di ẹsẹ̀ Màmá mú.

"Nígbà tí ẹ wà ní kékeré," ni Màmá ń bá a lọ, "mílíìkì kì í tó nílé wa. Ìwọ àti àbúrò rẹ lẹ máa ń mu ún. Èmi á fọ ife, màá mu omi tí mo fi ṣan án. Mo ní tí mo bá dàgbà, tí ọmọ mi bá ní fìríìjì, màá mu ún bó ṣe wù mí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ọ̀fun mi ló kó ìtìjú bá mi, ìwọ kọ́."

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí àwọn ọmọ fi dé láti ilé ìwé. Ọmọkùnrin sáré wá wo báńdéèjì, ó ń bi Màmá àgbà bóyá òun lè yàwòrán ọkọ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó wo Màmá àgbà, ó bi wọ́n pé kí ló dé. Ìyá rẹ̀ sọ fún un. Kò fi ọ̀kankan pa mọ́. Ó ti fi èyí tó pọ̀ pa mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Èmi... mo máa ń da tèmi nù."

"O máa ń da kí ni nù?"

"Mílíìkì. Tẹ́ ẹ bá ti jáde kúrò ní kíṣìnnì. Dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì wa. Wọ́n ní mílíìkì ló ń mú mi sanra. Mo máa ń dà á sí ibi ìfọ-abọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún kan."

Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ pátápátá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọjọ́ orí tí egungun ń fẹ́ kálísíọ̀mù jù láyé èèyàn, tí ohun tó bá kó jọ nígbà náà ni yóò máa lò dọjọ́ alẹ́. Ẹnu òun náà ló máa ń sọ ọ́. Fọ́tò ọmọ náà ló sì lẹ̀ mọ́ páálí.

"Mo mọ̀," ni Màmá sọ látorí àga.

"Ẹ mọ̀, Màmá?"

"Ta ló ń fọ abọ́ ilé yìí? Mo máa ń rí funfun rẹ̀ lẹ́nu ihò omi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n ní kí ni? Kí n ní mílíìkì tí o ní ti ọmọ ni, ọmọ ń dà á nù? O ò ní sọ pé ọ̀kánjúwà ló ń yọ màmá àgbà lẹ́nu, tó fi ń ṣẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Mo ṣan ihò omi náà, mo dákẹ́."

Nírọ̀lẹ́, ó tẹ àbúrò rẹ̀ láago, ó sọ gbogbo rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ sọ, "èmi náà rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ ní kí ẹlòmíràn bá òun kọ́ àwọn àgbàlagbà. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó sá ní Ọjọ́bọ̀ kan á sá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ, kò sí nọ́ọ̀sì kan tó na ìka mẹ́ta sí i. Wọ́n kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Ẹ káàárọ̀, Anti, ara Màmá ńkọ́?", ọ̀wọ̀ náà sì dùn ún ju èébú lọ. Kò gbé páálí kọ́.

Bàbá káfíńtà tún nawọ́. Kì í ṣe ẹni tó ń fini ṣẹ̀sín, àmọ́ kì í gbé ìbéèrè mì.

"Anti, ẹ má bínú. Wọ́n ní Màmá yín tó ṣẹ́ lọ́wọ́, wọn kì í fún wọn ní mílíìkì nílé. Ṣé òótọ́ ni?"

Ó di ẹ̀yìn àga mú.

"Òótọ́ ni, Bàbá. Èmi ni mi ò fún wọn."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó hó. Ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn, tí kì í sọ̀rọ̀ rí, wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì wí pé, "Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò lé mi. Èmi ni mo fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ." Obìnrin méjì mìíràn mi orí. Ó wá yé e pé láti ọdún mẹ́rin tóun ti ń ka ife fún àwọn èèyàn wọ̀nyí, òun ò bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan rí pé ta ló ń ṣí fìríìjì nílé wọn.

Kò rọrùn nílé. Ife mílíìkì àkọ́kọ́ tí Màmá mu lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, inú rẹ̀ kùn bí ẹ̀rọ ìránṣọ dọjọ́ kejì. Ó ti pẹ́ jù tí inú náà ti rí i. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ife yógọ́ọ̀tì kékeré láàárọ̀, wàràkàṣì nínú búrẹ́dì lọ́sàn-án, ìdajì ife mílíìkì nínú ọ́ọ̀tì nírọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin ní yógọ́ọ̀tì ni òun náà fẹ́, tí wọn ò bá ní máa kà á sí òun lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ gbà. Ó lọ rí olùkọ́ kíláàsì wọn lórí ọ̀rọ̀ Dúrọ́ọ̀mù, ó sì yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára páálí nígbà tó bi í tó ní òun kò fẹ́ ẹ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n tú báńdéèjì. Ọwọ́ náà jinná, àmọ́ ó wọ́ díẹ̀, àtàǹpàkò kò sì ní agbára bíi tàtijọ́. Ọmọbìnrin ló ń bá Màmá ki òwú bọ abẹ́rẹ́ báyìí. Àwọn méjèèjì máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ tí kò kan ẹnikẹ́ni, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Màmá ti dárí jì í. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, kì í sì í ṣe obìnrin tó ń sọ ohun tí kò dénú rẹ̀. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà títí dòní, kò tíì dá ṣí fìríìjì ilé náà. Bí ohun kan bá wù ú níbẹ̀, á rìn wá síbi tí ọmọ rẹ̀ bá wà, ì báà jẹ́ níwájú àlejò.

"Ṣé mo lè mú yógọ́ọ̀tì kan?"

"Màmá, ilé yín ni. Ẹ má bi mí mọ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo mọ̀ pé ilé mi ni," ni Màmá máa ń dáhùn. "Mo kàn bi ọ́ ni."

Ọmọ rẹ̀ á dìde, á lọ bá a ṣí i.